Fàsásì Alálùpùpù Ná Ọjà Òkè-Aṣá

Ẹ bá mi kí Fàsásì télọ̀, Kò-síbi-tí-n-kò-dé, Ọba Arìnrìnàjò, Baba Eruku. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ wọ̀nyí, èmi kò sì ní fi oyè olóyè dù ú.

Mushin ni wọ́n bí i sí, Mushin náà ló ti kọ́ṣẹ́. Ìgbà tó ra alùpùpù lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ni ayé yí padà fún un. Òmìnira kò tíì dé nígbà náà. Bí Fàsásì bá ń lọ sí ìrìn àjò, a wọ kákí, a de awò ńlá mọ́jú, a sì fọn fèrè alùpùpù títí aláìsàn yóò fi dìde jókòó. Bó bá dé, kì í wẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni yóò jókòó sí pẹ̀lú eruku lójú, kí ayé lè rí i.

"Ìbàdàn ni mo ti ń bọ̀," ni yóò wí. "Ajẹ́lẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ ní Ìyágankú. Ó ní òun ti ń retí mi."

"Kàdúná ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kàdúná kẹ̀? Bí ẹni lọ sí Yábàá ni!"

Kí n má tàn yín, Ijora, ní Èkó níbí, ni Kàdúná Fàsásì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Mùktárù, ń ṣọ́ ilé ẹrù létí rélùwéè níbẹ̀. Àárín àpò ẹ̀pà ni arìnrìnàjò wa ń sùn sí, títí yóò fi rò pé òun ti pẹ́ tó lájò. A kò bínú sí i. Irọ́ rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Wàhálà dé nígbà tó ní òun fẹ́ Àmúdàtù.

Òkè-Aṣá, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ni ìyá ọmọ náà ti wá. Opó ni, Àmúdàtù nìkan ló sì bí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ fún Fàsásì.

"Ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sílé, kí bàbá mi fojú rí i. Bí mo bá kú sí Èkó yìí, ó yẹ kí ẹnì kan mọ ọ̀nà tí yóò gbà lọ sọ fún wọn."

Fàsásì wọ kákí, ó fọn fèrè, ó lọ. Ìgbà tó dé, ó gbé igbá òrí kan lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo àdúgbò kún ojúde ìyá Àmúdàtù láti gbọ́ ìròyìn.

"Bàbá mi ńkọ́?" ni ìyá bi í.

"Wọ́n ń kí yín, Mà. Inú ọjà ni mo ti bá wọn. Àwọn gan-an ló dá mi mọ̀ láàárín èrò. Wọ́n ní, 'Àna mi rèé!'"

"Ọjà kún?"

"Ó kún! Kò síbi tí èèyàn lè gbẹ́sẹ̀ sí."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Sátidé, Mà. Sátidé tó kọjá yìí."

Ìyá Àmúdàtù wo Ṣítù, ará ìlú wọn tó ń hun aṣọ ládùúgbò. Ṣítù wolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Fàsásì, ọmọ mi," ni ìyá wí jẹ́jẹ́, "ọrọọrún ni ọjà wa ń ná. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ni mo ti ń kà á lọ́kàn. Lọ́jọ́ tó bá ná, àárò ilé a máa sọ mí. Sátidé tó kọjá, kò ná. Ewúrẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀."

Ọlọ́gbọ́n ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Mushin kò rí ọjà tó ń dá ọjọ́ rí.

"Há à, Mà! Ṣé ọjà máa ń sinmi ni?"

Ojúde dàrú. Ṣítù fẹ̀yìn lélẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Àmúdàtù fi ìborùn bojú, a kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Fàsásì fò dìde. "Ẹ ò gbà mí gbọ́? Mo lè dijú kí n dé Òkè-Aṣá!"

"Ó dáa," ni ìyá wí. Ó fún gèlè rẹ̀ le, ó jáde, ó sì gun ẹ̀yìn alùpùpù. "Ọ̀la lọjà. Gbé mi lọ."

Kò sí bó ti fẹ́ ṣe é. Alùpùpù bú ramúramù, gbogbo wa tò tẹ̀ lé wọn dé ojú títì. Ọ̀nà kan lọ sí Àgége, èkejì lọ sí Yábàá. Fàsásì dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún. Níkẹyìn ó yíjú sẹ́yìn, ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí lo wí?" ni ìyá bi í. "Ẹ̀rọ rẹ ò jẹ́ kí n gbọ́!"

Fàsásì ní láti pariwo. "Mo ní apá ibo là ń gbà lọ, Mà?"

Gbogbo Mushin gbọ́. Àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ìyá Àmúdàtù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ lé Fàsásì léjìká.

"Ìwọ tó o lọ tó o bọ̀, èmi lò ń bi? Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí o bá ń lọ túfọ̀ mi nílé, ta lo fẹ́ bi?"