Àìsùn Ló Pa Kọ̀ǹpútà Mi

Ọjọ́ kan wà tí ì bá ti tán lọ́kàn mi tipẹ́, bí kì í bá ṣe ẹ̀rín Alhaji Raji. Ọkùnrin yìí ló sọ níjọ́sí pé obìnrin kò lè ṣe olórí níbi tí àwa méjèèjì ti ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, tó sì gba ipò náà mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, n kì í kí i. N kì í kí ìyàwó rẹ̀, n kì í kí àwọn ọmọ rẹ̀.

A ti fẹ̀yìn tì nígbà tí àwọn àgbà ọmọ Ìlọrin ní àdúgbò Sawaba, nílẹ̀ àjèjì tí a ń gbé, ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọbìnrin makaranta, ilé-kéwú wọn, ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì wá fi iṣẹ́ wa hàn. Mo fẹ́ ipò yìí bí ẹni ń fẹ́ omi nínú ààwẹ̀.

Kọ̀ǹpútà mi kékeré máa ń parọ́. Ètò tí àwọn tó ṣe é kó sínú rẹ̀ á ní a ti pa ìdérí dé, nígbà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí mo ṣe ń tẹ̀wé lọ́wọ́, ẹ̀rọ á sùn lọ. Mo wọ inú kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má gba ọ̀rọ̀ ìdérí gbọ́ mọ́. Irú ẹ̀rọ yẹn nìkan ló yẹ kí n dárúkọ nínú àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi: orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni mo kọ. Òpùrọ́ ni gbogbo wọn! Mo wá fi kánẹ́ẹ̀lì kan náà sínú kọ̀ǹpútà ńlá mi, ọmọ ilé-iṣẹ́ yẹn, tí kò parọ́ rí.

Lọ́jọ́ náà, mo pa ìdérí kọ̀ǹpútà ńlá dé, mo tì í bọ àpò, mo sì wọ tròtrò, ọkọ̀ èrò, láti Santasi lọ sí Sawaba. Kò pẹ́ tí itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

"Ei, Maame, dɔkono anaa?" Obìnrin tó jókòó tì mí rò pé kẹ́ńkẹ́ gbígbóná, ẹ̀kọ àgbàdo ibẹ̀, ni mo gbé lé itan.

Mo ní oòrùn ni. Èmi onímọ̀!

Níwájú àwọn àgbà, mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ò mira. Mo tún tẹ ẹ́. Ẹ̀rọ tí mo ní kó má gba ìdérí gbọ́ kò sùn nínú àpò. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ títí bátìrì fi gbẹ. Dumsor, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀, sì ti mú iná lọ.

"Hajia," Alhaji ní, "ṣé ó ti sùn ni?"

"Àìsùn ló pa á, Alhaji."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ti Alhaji ló sì ròkè jù. Alfa tó dàgbà jù nínú wọn nu omi ẹ̀rín lójú. "Hajia, ẹ má bínú, a ò lè dúró de iná. Alhaji, ẹ bọ́ síwájú."

Bátìrì tirẹ̀ kún, bẹ́ẹ̀ ló tún gba ipò yìí náà mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo délé, mo pa orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ́ nínú kánẹ́ẹ̀lì, mo kọ ti kọ̀ǹpútà kékeré nìkan. Ẹni tó ṣẹ̀ ni kí a dárúkọ, kì í ṣe gbogbo ìdílé rẹ̀. Mo ti ń kí ìyàwó Alhaji báyìí, mo ń kí àwọn ọmọ rẹ̀, a tilẹ̀ jọ ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ kẹ́ńkẹ́ yẹn.

Alhaji fúnra rẹ̀ nìkan ni n kò tíì kí: orúkọ rẹ̀ ló kù nínú kánẹ́ẹ̀lì mi.