Orin Tí Òrùlé Jíjò Bí

Òjò ń rọ̀. Onílé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Aránṣọ tó háyà yàrá ẹ̀yìn wọlé, aṣọ ara rẹ̀ rin gbindin.

ARÁNṢỌ: Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Òrùlé ń jò.

ONÍLÉ: Ó ń jó? Jẹ́ kó máa jó. Orin yìí dùn.

ARÁNṢỌ: Ó ń jò ni mo wí! Omi ń kán sí mi lórí.

ONÍLÉ: Kò kàn mí.

ARÁNṢỌ: Ó kan ìyàwó mi o. Ó ti gbé oyún rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe ẹja, òun ò ní bímọ sínú omi.

(Onílé pa rédíò.)

ONÍLÉ: Jókòó. Kí ló ń bí ìlù?

ARÁNṢỌ: Ìlù náà lóyún ni?

ONÍLÉ: Òpè! Ìlú ló ń bí ìlù. Ibi téèyàn ń gbé ló ń bí orin rẹ̀. Àwọn tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, orin wọn á lọ, á bọ̀. Àwọn tó ń fọ́ òkúta, tiwọn á máa dún gbì, gbì.

ARÁNṢỌ: Èmi tí yàrá mi há ńkọ́?

ONÍLÉ: Tìẹ á kúrú.

ARÁNṢỌ: Èmi gan-an ti ń kúrú.

ONÍLÉ: Omi tó ń kán yẹn, báwo ló ṣe ń dún?

ARÁNṢỌ: Ti inú korobá, tó! Ti ìdí ìkòkò, kọ! Ti orí mi, pẹ́!

ONÍLÉ: O ò gbọ́ nǹkan! Orin tuntun nìyẹn! Tí mo bá dí òrùlé, mo pa á lọ́mọ ìkókó nìyẹn. Lọ kọ ọ́. Tíyàwó rẹ bá gbọ́, á sáré padà wá.

(Aránṣọ jáde. Korobá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìnkùlé. Ẹnì kan gbè é, ọ̀pọ̀ gbè é. Ó padà dé tẹ̀rín-tẹ̀rín, korobá lọ́wọ́.)

ARÁNṢỌ: Bàbá, ó ti bí!

ONÍLÉ: Ìyàwó rẹ?

ARÁNṢỌ: Korobá! Gbogbo àdúgbò ló ń gbè é.

ONÍLÉ: Ṣé mo sọ fún ọ! Kọ ọ́ kí n gbọ́.

ARÁNṢỌ: Onílé wa láhun, tó! Ó jókòó síbi gbígbẹ, kọ! Ó ní ká máa kọrin, pẹ́!

ONÍLÉ: (ó fò dìde) Ta ló kọ́ yín nírú ìsọkúsọ yẹn?

ARÁNṢỌ: Ilé yín ni, Bàbá.

(Níta, ègbè ń sún mọ́ tòsí. Onílé ki ìṣó sápò, ó gbé àkàbà ti ògiri, ó ń gùn ún tìbínú-tìbínú.)

ONÍLÉ: Ní kí wọ́n dákẹ́! Ṣé o ò rí i pé mo ti ń gòkè?

ARÁNṢỌ: Ẹ rọra o, Bàbá. Orin náà ò tíì ní ju ẹsẹ̀ kan lọ. Tí ẹsẹ̀ tiyín bá fi yẹ̀, ó di méjì.