Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Bàbá Àdùnọlá Jẹ Iṣu

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ẹnu dídùn pa á lówe pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi, ẹ dákun, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ẹ ń rò pé àwọn àgbà kan ló jókòó síbì kan tí wọ́n ń ta ayò, tí òwe náà ṣàdédé bọ́ sí wọn lẹ́nu. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìrágbìjí ló ti ṣẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, kọ̀ǹpútà ló sì fà á. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Àdùnọlá, ọmọlúàbí ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í yéé sọ ọ́. Ohun tó fi ń yangàn jù ni pé wọn kì í sọ̀rọ̀ fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Kí Bàbá Àdùnọlá tó la ẹnu béèrè pé “kí lẹ wí?”, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó gbé egungun ẹja mì. Nǹkan kejì tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn ni pé kì í yọ ọ̀rá kúrò lára ohun tuntun. Àga pálọ̀ rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú ọ̀rá. Bí àlejò bá jókòó, á máa dún wárawàra lábẹ́ ìdí rẹ̀, bó bá sì di àkókò ooru, àlejò á fẹ́ dìde, àga á ní rárá o.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó ní òun ò ní ra kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn tò, òun á to tòun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òṣogbo, Mudaṣírù lorúkọ rẹ̀, ló bá a ṣa àwọn ẹ̀yà rẹ̀ jọ. Ó ń ṣàlàyé fún un pé èyí ni àpótí, èyí ni ọpọlọ, èyí ni irin olófáànù tó máa jókòó lé ọpọlọ lórí kí ooru má bàa pa á. Àlàyé ò tíì dé ìdajì tí Bàbá Àdùnọlá ti ń mi orí, ó ní, “Ó ti yé mi, ó ti yé mi.” Ó gbé e délé, ó tò ó, ó tẹ bọ́tìnnì, iná tàn. Họ́wù! Ọkùnrin yìí jó yí ilé po.

Ìyàwó rẹ̀ bá a jó. Ìyá Àdùnọlá ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún tí wọ́n fi í jẹ ọ̀gá gan-an nìyí. Ó ti fi ọwọ́ kọ ìbéèrè ìdánwò gbogbo kíláàsì, ọkọ rẹ̀ sì ní kó jẹ́ kí òun bá a tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́ tán lóòótọ́. Inú rẹ̀ wá dùn débi pé ó kó ìwé tí obìnrin náà fọwọ́ kọ, ó fi dáná, ó fi se ẹ̀wà. Ó ní, “Kí la tún fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ṣebí wọ́n ti wà nínú ẹ̀rọ.”

Ìdánwò ku ọ̀túnla, ìyẹn ọjọ́ Ajé. Alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ ń bọ̀, àwọn òbí ń bọ̀, Sátidé yìí ló sì yẹ kí wọ́n tẹ gbogbo ìbéèrè náà jáde sórí ìwé. Kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gan.

Ẹ gbọ́ o, kò kú. Ká ní ó kú ni, èèyàn á mọ̀ pé ó kú, wọ́n á sì gba kámú. Á tàn, á mọ́lẹ̀ rekete, á máa ṣiṣẹ́ lọ bí ọmọ gidi. Tó bá wá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú rẹ̀ á dúró gbagidi, kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀ tó máa dáhùn. Wọ́n á pa á, wọ́n á tún tàn án, á tún ṣe dáadáa, á tún gan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn rèé, arúgbó ni, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló fi ń mí kó tó pọ ojú ìwé kan síta. Láti àárọ̀, ojú ìwé mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àdùnọlá ní kí wọ́n kó ìyókù sínú fíláàṣì kí òun gbé e lọ síbòmíràn, ọkọ rẹ̀ bínú, ó ní ṣé ẹ̀rọ tòun ni èèyàn ó máa sá kúrò nínú rẹ̀.

“Bàbá Àdùnọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Mudaṣírù léèrè,” ni obìnrin náà wí. “Àyà mi ń já.”

Ìyẹn náà ò rọrùn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń so yìgì fún Mudaṣírù. Ó jókòó síwájú Lèmọ́mù nínú agbádá funfun, fóònù rẹ̀ wà lábẹ́ agbádá. Bàbá Àdùnọlá tẹ àtẹ̀ránṣẹ́ sí i pé ẹ̀rọ ń gan, ó sì fi fọ́tò tó yà lọ́jọ́ tó to inú rẹ̀ tì í. Mudaṣírù yọjú wo fọ́tò náà, ó fi àtàǹpàkò kan dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ nìyí:

“E bo o.”

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí àmì lórí rẹ̀, kò sí àmì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìhòòhò ọmọlúàbí ni ọ̀rọ̀ náà rìn wọ Ìrágbìjí.

“Ẹ pè é kó ṣàlàyé,” ni Ìyá Àdùnọlá wí.

“Kó ṣàlàyé kí ni? Ó ní kí n bò ó. Ohun tó bá ń gan, kí ló ń ṣe é bí kì í bá ṣe òtútù?”

Ó bá gbé kúbúsù, ó fi bo kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó gan. Ó gbé agbádá sányán tó fi gbéyàwó lé kúbúsù lórí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó gan. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ọmọ tí ibà ń ṣe. Bàbá Àdùnọlá ní, “O ò rí i? Òtútù náà pọ̀ lára rẹ̀ ni.” Ó tún tẹ àtẹ̀ránṣẹ́: “Mo ti bo o. O tun gan.”

Lèmọ́mù ti dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó bóyá ó gbà. Mudaṣírù dáhùn kíákíá: “Eyi to wa ninu ni ke e bo sa.”

Wàhálà dé. Bàbá Àdùnọlá ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó kó ìborùn ìyàwó rẹ̀ mẹ́ta, ó ki gbogbo rẹ̀ sínú bí ẹni ń di ẹrù. Ó ku díẹ̀ kí fáànù fà á lọ́wọ́ ya. Ìṣẹ́jú méjì péré ni kọ̀ǹpútà fi rí ayé lẹ́ẹ̀kan yìí, òórùn aṣọ tó ń jó sì ti gba pálọ̀ kan.

Òórùn yìí ló mú Ògúnbíyìí yọjú lórí ògiri. Jórinjórin ni Ògúnbíyìí, odi kan náà ni ilé wọn pín, wọ́n sì jọ dàgbà ni. Ó fo ògiri wọlé, ó gba fóònù, ó ka ọ̀rọ̀ náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ, ìwé tí o kà yìí, o ò kà á débi kankan. Bò ó kọ́. Bọ ọ́! Ṣé kì í ṣe irin ni? Ta ló ni irin?”

“Alàgbà ìjọ ni mí o.”

“Kí ìjọ wá bá ọ tẹ ìbéèrè jáde nígbà náà.”

Bàbá Àdùnọlá wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń wo aago. Ó ronú sí i. Ó ní òun ò ní bọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òrìṣà, òun á kàn fi ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n sun iṣu, wọ́n bu epo sínú àwo, wọ́n gbé e síwájú kọ̀ǹpútà. Bàbá Àdùnọlá dọ̀bálẹ̀, ó sì ka orin Dáfídì mọ́ ọn kí ọ̀ràn má bàa burú lókè. Wọ́n tàn án. Ó gan.

Ògúnbíyìí ní, “Kò fọwọ́ kan iṣu rẹ̀. Àbí bọ́ ọ ni ọmọ yẹn wí? Kí o fún un jẹ?”

“Níbo ni ẹnu rẹ̀ wà?”

Ibi tí wọ́n ti ń tọwọ́ bọ ibí tọwọ́ bọ ọ̀hún láti wá ẹnu ni ìka Ògúnbíyìí ti tẹ bọ́tìnnì kékeré kan níwájú àpótí, ibi tí wọ́n máa ń ki àwo fídíò sí. Àwo pẹlẹbẹ kan rọra yọ síta, ó dúró, ó ń retí.

“Yéè!” ni Ògúnbíyìí ké. “Ó na àwo!”

Bàbá Àdùnọlá mú ọ̀bẹ. Ó gé iṣu, ó fi epo ra á, ó gbé e lé àwo náà. Ó tún bọ́tìnnì náà tẹ̀. Kọ̀ǹpútà fa àwo wọlé, ó pa ẹnu dé, inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kùrùkùrù. Ògúnbíyìí tí í fi iná jó irin láìwo ẹ̀yìn, ó fo ògiri padà sílé rẹ̀, bàtà kan ló gbé lọ.

Bí ó ti jẹun tó náà, ó gan. Bàbá Àdùnọlá kọ̀wé: “Mo ti bo o leemeta.” Èsì wọlé: “E bo o patapata sa. Lemomu n wo mi.”

Ó jókòó, ó fọwọ́ lérán. Òun ti bò ó, òun ti bọ ọ́, òun ti bọ́ ọ. Èwo ló kù nínú èdè Yorùbá? Ó ronú títí, ojú rẹ̀ bá mọ́lẹ̀. Ẹran tó bá le bí òkúta, kí ni wọ́n ń ṣe fún un? Wọ́n ń bọ̀ ọ́ ni! Ohun tó gan ti le, ohun tó bá sì le, omi gbígbóná ló ń mú un rọ̀. Mudaṣírù sì ti sọ ọ́ pé èyí tó wà nínú. Ó lọ gbé ìkòkò ńlá kaná.

Ìyá Àdùnọlá bá omi tó ń hó lórí iná. “Bàbá Àdùnọlá, kí lẹ fẹ́ sè?”

“Ọpọlọ.”

“Ọpọlọ kí ni? Ti màlúù?”

“Ti kọ̀ǹpútà.”

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ṣíṣe o, ẹkún tó ti inú wá ni. “Ẹ ti fi èyí tí mo fọwọ́ kọ se ẹ̀wà. Ẹ tún fẹ́ se èyí tó kù! Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ yẹn lọ́jọ́ Ajé? Kí n ní ọkọ mi ti se ìdánwò yín?”

Àánú rẹ̀ ṣe ọkùnrin náà, ojú sì tì í. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí tọkàntọkàn, nítorí rẹ̀ ló sì fi ń sáré kiri láti àárọ̀. Àmọ́ ọmọlúàbí kì í da iṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì. Ó ní, “Dákẹ́ ẹkún, mi ò ní jẹ́ kó jinná jù.” Ó pa iná ẹ̀rọ, ó fa ìborùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ, ó tú ìdè irin olófáànù kúrò, ó gbé irin náà sókè kó lè rí ọpọlọ yọ.

Nǹkan kan ń dán lábẹ́ irin náà.

Ìyá Àdùnọlá nu ojú, ó sún mọ́ ọn. “Kí nìyẹn?”

“Ọ̀rá rẹ̀ ni. Mo fi sílẹ̀ kó má bàa gbó.”

“Wọ́n kọ nǹkan sí i lára. Ẹ kà á.”

Bàbá Àdùnọlá fi awò sójú. Ó kà á sínú.

“Ẹ kà á sókè, Bàbá Àdùnọlá.”

“Wọ́n ní... wọ́n ní kí a yọ ọ́ kí a tó lò ó.”

Àṣé ọ̀rá ló wà láàárín irin àti ọpọlọ, tí ooru ò fi rí ọ̀nà jáde. Bí ọpọlọ bá ti gbóná dé góńgó, gbogbo ara rẹ̀ á gan. Wọ́n bọ́ ọ̀rá náà kúrò, wọ́n dá irin padà, wọ́n tàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ìyá Àdùnọlá ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde: ojú ìwé kejì, ìkẹta, ìkẹrin. Nígbà tó dórí ìbéèrè kíláàsì karùn-ún, kọ̀ǹpútà ṣí ẹnu fúnra rẹ̀, ó dá iṣu wọn padà.

Mudaṣírù pè nígbà tí wọ́n so yìgì tán. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ náà.

“Bàbá, ẹ kú ilé, sà. Ṣé ẹ ti bọ́ ọ?”

“Mudaṣírù, mo bò ó. Mo bọ ọ́. Mo fún un lóúnjẹ. Omi tí mo fẹ́ fi bọ̀ ọ́ ṣì ń hó lórí iná.”

“Bàbá, ọ̀rá ni mo ní kí ẹ bọ́. Etí rẹ̀ yọ síta nínú fọ́tò. Ẹ má bínú, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo lè sọ níwájú Lèmọ́mù.”

Bàbá Àdùnọlá na ọrùn. “Má bẹ̀bẹ̀, ọmọ mi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.”

Ìyàwó rẹ̀ ò wẹ̀yìn níbi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà. “Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi,” ló wí. “Odindi iṣu kan. Odindi ìgò epo. Odindi ìkòkò omi gbígbóná.”

Ó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi ìbéèrè kan kún ìdánwò Yorùbá ti kíláàsì kẹfà: “Fi àmì tó yẹ sí ọ̀rọ̀ yìí, lórí àti nísàlẹ̀, kí ilé tó jó: bo.” Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ méjìdínlógójì ló kọ ọ́, ìdáhùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde, alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ pàápàá ò mọ èyí tó tọ̀nà. Àwọn òbí béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, Ògúnbíyìí sì rò fún wọn dé orí àwo tó nà síta. Bí gbogbo ìlú ṣe gba òwe náà mú nìyẹn.

Ẹ wá ń sọ fún mi pé ìdajì ni àbọ̀ túmọ̀ sí. Ìdajì kọ́! Ẹ pè é dáadáa, à-bọ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó wà nínú ìkòkò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún na ìka sí yín pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi, ẹ bá mi bi í pé: odindi kí ni?