Àṣẹ Tuntun Lórí Agbo Kọ̀ǹpútà Ìlú Ìdí-Ọsàn

Wọ́n ní Balógun ti... àní wọ́n ní ìka kan ṣoṣo ló fi... wọ́n ní gbogbo omi ìlú ló... Ó tó! Ẹ pa ẹnu mọ́!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Onílé, gbọ́! Àlejò, gbọ́! Ìwọ tó ń wẹ̀ tí ọṣẹ wà lójú rẹ, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí!

Kábíyèsí ló rán mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣí omi ẹ̀rọ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan báyìí. A kó wọn sí agbo méjì bí àgùntàn: agbo ìdánwò, tí a fi ń kọ́ iṣẹ́, àti agbo gidi, tó ń fún wa lómi. Irinṣẹ́ kan náà ló ń darí méjèèjì. Inú kọ̀ǹpútà Balógun Láṣebìkan la gbé e sí. Kò ní àwòrán, kò ní ọ̀ṣọ́. Ojú dúdú lásán ni. Ẹ kọ àṣẹ sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí!

Àwọn tó bá wa gbé e síbẹ̀ kìlọ̀: kí ẹ tó pàṣẹ, ẹ bi í pé agbo wo lẹ kọjú sí. Balógun kọ̀! Ó ní Balógun kì í béèrè ọ̀nà nínú ìlú tó ń ṣọ́. Láàárọ̀ àná, ó pàṣẹ kí agbo ìdánwò pa rẹ́. Irinṣẹ́ kò jiyàn. Agbo gidi ló kọjú sí. Agbo gidi ló pa rẹ́!

Omi gbẹ! Mo ní omi gbẹ! Bẹ́ẹ̀ òní sì ni ìkómọjáde ọmọ-ọmọ Balógun fúnra rẹ̀. Ìyáálé rẹ̀ gbé ìkòkò omi òfìfo síwájú rẹ̀, ó ní, “Olówó orí mi, ṣé ìgboyà yín la ó fi wẹ ọmọ ni?”

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ:

Èkíní. Ìjòyè ni o, ọba ni o, ẹ kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún agbo láìbéèrè ibi tí ẹ wà. Ẹni tó bá dán an wò yóò máa ru omi odò fún àdúgbò rẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi pá!

Èkejì. Ẹ má kí irinṣẹ́! Mo tún un wí, ẹ má kí i! Ọ̀tún kọ “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnira” ṣáájú àṣẹ, irinṣẹ́ ní òun kò mọ àṣẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú Ọ̀tún kò tíì rọ̀ di ìsinsìnyí. Ẹni tó bá tún kí i yóò dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo ewúrẹ́ ìlú, lọ́kọ̀ọ̀kan!

Ẹ̀kẹta. Ẹni tí ebi ń pa kò gbọdọ̀ kọ “pa rẹ́.” Ìjìyà rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Èmi gan-an ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé ọfọ̀ ni Balógun pè tí omi fi padà láàárọ̀ yìí, irọ́ lẹ ń pa! Ojú mi ló ṣe. Ó jókòó. Kò sí àyè ìkíni, ló bá ṣí fìlà. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó ń kà á sókè bó ti ń kọ ọ́. Irinṣẹ́ dáhùn pé agbo gidi ni. Ìgbà náà ló pàṣẹ kí agbo dìde padà bí a ti tò ó tẹ́lẹ̀. Omi tú! Wọ́n ti wẹ ọmọ!

Ẹnu ni mo yá ààfin, ẹ má bá ẹnu jà. Kábíyèsí ní kí n sọ ọ̀rọ̀ Balógun gẹ́lẹ́ bó ti sọ ọ́, kí n má fi iyọ̀ sí i. Ohun tó wí nìyí:

“Níbo ni mo wà?”