Òfin Tuntun Lórí Pẹ́pẹ́yẹ Mẹ́rin Tó Kù Lẹ́yìnkùlé Alàgbà Láníhùn

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo Ìdí-Ìyeyè, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń ro ọkà, kó dá ọwọ́ dúró! Ẹni tó ń jà, kó fi ìyókù di ọ̀la! Ẹni tó wà ní ilé ìyàgbẹ́, kó máa gbọ́ láti ibẹ̀! Ọ̀rọ̀ ńlá ti ṣẹlẹ̀! Òjòlá ti gbé pẹ́pẹ́yẹ karùn-ún mì!

Mo ní ìkarùn-ún o!

Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́sàn-án ni olóògbé Ìyá Gbénró fi sílẹ̀ nínú ọ̀gọ̀dọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé ọkọ rẹ̀, Alàgbà Láníhùn. Kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ tí a sin ín. Mẹ́rin péré ló kù! Bẹ́ẹ̀, Alàgbà yìí kan náà ló fi ọgbọ̀n ọdún ṣe wolé-wolé. Ọkùnrin tí ìkòkò omi ń gbọ̀n bó bá yọ lókèèrè! Ọkùnrin tó rí tanwíjí kan ṣoṣo nínú àmù ìyàwó ara rẹ̀, tó kọ ìwé ìpè fún un, tó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, tó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bù fún un! Ojú ọkùnrin yẹn ni ejò ti ń kó ẹran rẹ̀ jẹ!

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín kọ́ ni mo gbé wá.

Nígbà tí àìsàn fẹ́ mú Ìyá Gbénró lọ, kò sọ̀rọ̀ ilé, kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá Gbénró, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ mi o. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan pa wọ́n jẹ." Alàgbà ní òun gbọ́. Ẹni tó bá sì ní òun gbọ́ níwájú ẹni tó ń lọ, ọ̀rọ̀ ti di ti ọrùn rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí òfin fi jáde! Ìdí nìyí tí agogo fi ń dún!

Òfin kìíní! Ti àwòdì ni. Àwòdì kankan kò gbọdọ̀ rà bàbà lókè Ìdí-Ìyeyè láìgba àṣẹ. Alàgbà ti ri aṣọ́komásùn mọ́ etí omi. Ó ti wọ aṣọ kákí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ fún un. Ó ti dé fìlà iṣẹ́ lé e lórí. Ó ti fi bíírò sí i lápò àyà. Òótọ́ ni pé àwòdì ti bà lé fìlà náà. Òótọ́ ni pé ó sinmi níbẹ̀, ó sì yàgbẹ́ sí i kó tó lọ. Èyí kò yí òfin padà! Àwòdì tó bá tún dán an wò, a ó gba ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, a ó sì jẹ́ kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà bíi tiwa!

Òfin kejì! Ti òjòlá ni. Àwọn ọdẹ wá a lẹ́ẹ̀mẹta nínú igbó etí omi, wọn ò rí i. Ni Alàgbà bá ní òun yóò gbé e gba ọ̀nà òfin. Ó kọ ìwé ìkìlọ̀, ó kàn án mọ́ igi tó wà lẹ́nu ihò kan níbẹ̀: kí òjòlá tó ń gbé ibí yìí kó jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kó sì gbá ojúlé rẹ̀ mọ́ kó tó lọ! Ọjọ́ kẹtàlá ló gbé pẹ́pẹ́yẹ karùn-ún mì. Ọjọ́ kẹtàlá, ará Ìdí-Ìyeyè! Alàgbà wo kàlẹ́ńdà títí. Ó ní ọjọ́ kò tíì pé, ẹ̀sùn kò tíì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pé wàyí! Òjòlá, bó o bá ń gbọ́ ohùn mi níbi tó o ká jọ sí, ìwọ àti ikùn rẹ ló ń bọ̀ wá rojọ́! Bí o ò bá wá, a ó dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ!

Òfin kẹta! Kí olúkúlùkù so ajá rẹ̀. Ológbò tí kò bá lè ṣàlàyé ohun tó ń wá létí omi ní ìrọ̀lẹ́, abẹ́ agbọ̀n ni yóò sùn!

Òfin kẹrin! Ó kan pẹ́pẹ́yẹ fúnra wọn. Tí aago mẹ́fà bá ti lù, kí wọ́n kúrò nínú omi! Kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọjọ́ orí wọn bá ṣe jura lọ! Kí wọ́n wọ ilé wọn! Kì í ṣe pé ilé ò sí o. Alàgbà ti fi páànù tuntun bò ó, ó ti fi ẹfun kùn ún, ó ti kọ nọ́ńbà sára ìlẹ̀kùn. Wọn kò wọ̀ ọ́! Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, àárín omi ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á máa wo Alàgbà bí ẹni tó ṣìnà, tó wá béèrè ilé ẹlòmíì. Ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lórí omi. Ibẹ̀ ni òjòlá ti ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pẹ́pẹ́yẹ tó bá tún tàpá sí òfin yìí, a ó ka ìwé òfin náà sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin!

Òfin karùn-ún! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé òun rí Alàgbà Láníhùn nínú omi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá! Òótọ́ ni pé ó ká ṣòkòtò, ó mú ọ̀pá, ó ní òun yóò dà wọ́n wálé. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ yọ̀. Ó rì tán, fìlà nìkan ló léfòó. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá yí fìlà yẹn ká, wọ́n ń wò ó bíi pé ìkarùn-ún wọn ló padà wá. Ẹni tó bá sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, òun ni yóò lọ bá Alàgbà wá bàtà ẹsẹ̀ òsì nínú ẹrẹ̀! Bàtà náà ṣì wà níbẹ̀!

Ìyá Sílífátù, tí ọgbà rẹ̀ bá ti Alàgbà pààlà, rú òfin karùn-ún kí òfin náà tó jáde. Ó di odi mú, ó rẹ́rìn-ín títí ìró fi fẹ́ já lára rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Gbénró, ṣé pẹ́pẹ́yẹ lẹ fẹ́ kó ni, àbí ìrìbọmi lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣe é o, wọ́n sì ti ṣe tiyín!" Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní, "Ẹ ò pè wọ́n ni. Ìyàwó yín máa ń pè wọ́n." Alàgbà, tí omi ń ro tótó lára rẹ̀, béèrè ohun tó máa ń fi pè wọ́n. Ni Ìyá Sílífátù bá tún ìró rẹ̀ ró. Ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú o, Bàbá. Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní bínú."

Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n! Àgbà mọ̀ ọ́n, ọmọdé mọ̀ ọ́n! Alàgbà nìkan ni kò mọ̀! Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, nígbà tó bá ń ti ibi tí àwọn àgbà ti ń ka ìwé ìròyìn bọ̀, tí fìlà rẹ̀ bá yọ ní ìkòríta báyìí, Ìyá Gbénró á sáré dé etí omi, á pàtẹ́wọ́, á figbe ta bí obìnrin tó ń gbé àmù tó ní tanwíjí pa mọ́: "Wolé-wolé ń bọ̀ o! Ẹ sá wọlé! Ó ti dé ìkòríta o!" Pẹ́pẹ́yẹ á tú jáde nínú omi, wọn á máa ṣubú lu ara wọn. Kí Alàgbà tó dé ẹnu ọ̀nà, kẹ́kẹ́ ti pa. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Gbénró. Ẹ tètè dé lónìí."

Ọdún mọ́kànlá ni Alàgbà fi ń sọ fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé pẹ́pẹ́yẹ ilé òun máa ń mọ àkókò nítorí pé ìlànà wà nílé òun. Ọdún mọ́kànlá! Àwọn àgbà ń mi orí. Kò sẹ́ni tó tú àṣírí náà fún un.

Òfin kẹfà! Alàgbà fúnra rẹ̀ ni yóò máa pè wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ ní àná. Ó dúró ṣánṣán létí omi, ó wúkọ́, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé ní ọ́fíìsì: "Wolé-wolé ń bọ̀." Pẹ́pẹ́yẹ kan ki orí bọ omi. Ó tún un sọ, ó fi "ẹ jọ̀wọ́" kún un. Wọ́n kọ ìdí sí i. Igbe ẹni tó ń sá ni igbe yẹn, ará Ìdí-Ìyeyè, Alàgbà kò sì sá fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ké e bí Ìyá Gbénró ṣe máa ń ké e. Nígbà tó dé ibi "ó ti dé ìkòríta", ohùn rẹ̀ já.

Wọ́n jáde o! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde! Wọ́n sáré gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, wọ́n wọ ilé páànù náà láìka ọjọ́ orí sí. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ìlẹ̀kùn. Ó sì dúró síbẹ̀, ó kọjú sí páànù. Ìyá Sílífátù wà lẹ́bàá odi. Kò rẹ́rìn-ín.

Òfin keje, òun ló kẹ́yìn, òun ló le jù! Láti òní lọ, bí Ìdí-Ìyeyè bá ti gbọ́ igbe yẹn, kí onílé sá wọlé! Kí àlejò sá wọlé! Kí ẹ ti ìlẹ̀kùn, kí ẹ pa fèrèsé dé, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀yìnkùlé Alàgbà títí ẹ ó fi gbọ́ tí ìlẹ̀kùn ilé pẹ́pẹ́yẹ dún! Kì í ṣe nítorí òjòlá. Alàgbà ní láti ké e ni, kò sì lè ké e bí ènìyàn bá ń wo ojú òun. Ẹni tó bá yọjú, a ó wọ kákí fún un, yóò bá aṣọ́komásùn dúró fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, àwòdì ni yóò sì máa bojú tó o!

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́. N kò bù mọ́ ọn, n kò bù kúrò nínú rẹ̀. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Mo rí fìlà kan ní ìkòríta. Òfin náà kan èmi alágogo pẹ̀lú. Ẹ sá wọlé o! Ẹ sá wọlé!