Ẹnu Ọfà Pàdé Ẹnu Ọ̀mọ̀wé

Láyé ìgbà náà, bí ẹ bá dé Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú, tí ẹ béèrè ilé Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà, wọn á ní, "Ògúnsànyà wo?" Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà ní Ọ̀mọ̀wé Òkúta, ajá àdúgbò pàápàá á sìn yín débẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ joyè ọ̀hún. Kíláàkì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìwé mẹ́fà ló kà. Àmọ́ bó bá ti wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, Ahọ́n-mòkúta ọkọ Kúbúrá, ẹ ó rò pé ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ilẹ̀ ayé.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ òkúta. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní ẹdùn àrá, tí wọ́n ní àrá ló sọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ, pé ẹnu ọfà àwọn ọdẹ àtijọ́ wà nínú wọn. Bó ṣe ń dá a mọ̀ ni nǹkan. Ahọ́n ló fi ń lá a! Á dijú, á ní, "Ó lẹ̀ mọ́ mi láhọ́n. Àgbà òkúta ni."

Ẹni tó bá rí òkúta lóko, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e wá. Bó bá jẹ́ òkúta lásán, á ní, "Iyebíye ni, máa gbé e lọ sílé." Bó bá jẹ́ ojúlówó, á ní, "Pàǹtí ni, fi sílẹ̀ níbẹ̀." Pàǹtí á sì wọ inú agolo bísíkíìtì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Mùsílímátù, tíṣà ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó fẹ́ràn òkúta ṣíṣà, mú ọ̀kan wá. Oko ìyá rẹ̀ l'Ágbówà ló ti rí i. Ó rí ṣóńṣó, etí rẹ̀ sì mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi ni."

Ògúnsànyà lá a. Kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn. Ẹdùn àrá kọ́ nìyí, ẹ̀dùn ọkàn ni. Kò wúlò ju kéèyàn fi ha gìgísẹ̀ lọ. Fi sílẹ̀ níbẹ̀."

Kúbúrá ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí, gbọ́. Obìnrin tó máa ń gba ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ gbọ́ ni.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjọba rán Ọ̀gbẹ́ni Fẹ̀hìntọlá wá láti Èkó, kó wá ṣa òkúta fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Orúkọ ẹni tó bá rí òkúta ni wọn yóò kọ sábẹ́ rẹ̀ nínú gíláàsì. Orúkọ nínú gíláàsì! Ògúnsànyà pe gbogbo Lásunwọ̀n jọ. Mùsílímátù náà wá, ó jókòó sẹ́yìn.

Ọ̀mọ̀wé ṣí agolo, ó gbé òkúta ṣóńṣó náà sókè. "Èyí, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi hú u, nínú òjò!"

Mùsílímátù dìde. "Bàbá, ṣé òkúta mi kọ́ nìyẹn?"

"Jókòó jàre! Tìrẹ, pàǹtí ni. Ẹ wò ó o, ará ìlú." Ó yọ ahọ́n, ó lá a látòkè délẹ̀. "Hùn-ún! Ó níyọ̀ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹran ìgbẹ́ àtijọ́ nìyẹn!" Ó tún lá a.

Ni Kúbúrá bá sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé. "Yéè! Bàbá Ọmọ́táyọ̀, ẹ má lá a mọ́! Òkúta tí mo fi ń ha gìgísẹ̀ ni!"

Kúbúrá na ọwọ́ sí òkúta náà.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún tíṣà pé ohun tó wúlò fún nìyẹn. Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń lò ó. Bí mo bá wẹ̀ tán, màá dá a padà sínú agolo yín. Àárọ̀ yìí gan-an ni mo lò ó kẹ́yìn."

Ahọ́n Ọ̀mọ̀wé ṣì wà níta, kò mọ̀ bóyá kóun wọlé. Ẹ̀rín bú sáyé. Ẹnì kan ní, "Ẹnu ọfà ti bá ẹnu ọ̀mọ̀wé!" Àwọn àgbà ń fi fìlà nu omi ojú.

Fẹ̀hìntọlá fi áńkáṣíìfù gba òkúta náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. "Ojúlówó ẹnu ọfà àtijọ́ ni o. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú gbogbo wọn: Mùsílímátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́.

Ògúnsànyà ò kúkú fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń gbé òkúta lọ bá a. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé tiyín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó tó wo òkúta, ẹsẹ̀ yín ni yóò kọ́kọ́ wò.