N Ò Àbí N Ó

Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ orin tó Basit ní gbogbo Sábó, ní Ìlárò. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sì sọ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fi aṣọ funfun nu ẹ̀rọ sídì ńlá kan tó kó wọlé láti Kútọnu, tí kò tíì rí ẹni rà á, ni Màmá Suliat tó ń ta ẹ̀pà ní Ayétòrò bá wọlé, ó há báàgì mọ́ abíyá bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ẹ̀rọ sídì ni mo wá rà. Èyí tó dára jù lo máa gbé wá. Bàbá Suliat ní sípíkà ńlá méjì àti ampilifáyà ní pálọ̀. Èyí tó ń kọ sídì fún wọn ló ti darúgbó."

Inú Basit dùn títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Láti ọdún Iléyá ló ti ń retí irú oníbàárà yìí. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀rọ náà wá sórí tábìlì, ó mí hẹlẹ.

"Ẹ wò ó, Màmá. Àwọn tó mọ orin nìkan ló ń ra irú èyí. Ìró rẹ̀ ò lẹ́gbẹ́."

"Irọ́ rẹ̀?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìró rẹ̀ pọ̀, ó jinlẹ̀, ó sì dùn létí."

"Basit, irọ́ tó pọ̀, tó jinlẹ̀, tó sì dùn létí, mo ní in nílé. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń sùn. Òótọ́ ni mo wá rà."

"Ìró ni mo wí, Màmá! Bó ṣe ń dún!"

"O ò bá tètè wí bẹ́ẹ̀."

Basit gbá ẹ̀rọ náà lẹ́yìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kí ẹṣin. "Inú ẹ̀ níbí ni dáàkì wà."

"Dákẹ́ kẹ̀?"

"Dáàkì! Òun ló ń sọ nọ́ńbà tó wà lára sídì di orin. Tí ò bá sí dáàkì, ẹ ò lè gbọ́ nǹkan kan."

"Tí ò bá sí dákẹ́, mi ò lè gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn yé mi. Ohun tí mo máa ń sọ fún Suliat nìyẹn."

Basit fẹ́ ṣàlàyé, ó rò ó, ó fi í sílẹ̀. Màmá Suliat ti tẹ̀ síwájú, ó ń fìka tọ́ bọ́tìnì kan.

"Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Faransé ni, Màmá. Ará Kútọnu ló ń lò ó tẹ́lẹ̀. Arẹ́ ni wọ́n ń pè é."

"Àárẹ̀! Ohun tó o fẹ́ tà fún mi ti ń ṣàárẹ̀?"

"Rárá o! Arẹ́, ìyẹn ni pé kó dúró!"

"Bí àárẹ̀ bá mú ènìyàn, ṣé kì í dúró ni?"

Basit fi aṣọ tó fi ń nu ẹ̀rọ nu iwájú orí ara rẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe kókó. Ẹ̀rọ yìí kì í fò."

"Ṣé adìẹ ni mo wá rà ni?"

"Sídì ni kì í fò nínú ẹ̀! Ẹ máa jó, ẹ máa fẹsẹ̀ kilẹ̀, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

Màmá Suliat rọra gbé báàgì kúrò lábíyá.

"Ọ̀rọ̀ kékeré ńkọ́? Èyí tí kò tó nǹkan kan?"

"Kí lẹ fẹ́ gbọ́ gan-an? Wákà ni, àbí fújì?"

"'Ò' ni mo fẹ́ gbọ́."

"Ò?"

"Tàbí 'ó'. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ 'ó'."

Basit yọjú wo ìta bóyá oòrùn ọjọ́ náà pọ̀ jù. Nígbà tó fi máa yíjú padà, ìyá náà ti yọ sídì kan jáde nínú ọ̀rá mẹ́ta.

"Sídì yìgì wa rèé. Lọ́jọ́ náà, àlùfáà bi Bàbá Suliat bóyá ó máa fẹ́ ìyàwó lé mi. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ tó ní, 'N ò fẹ́ ẹlòmíràn.' Ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí Bàbá Suliat ṣe sọ ìlú Ẹ̀gùá di ojúde ilé! Àṣé opó kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń ta ìrẹsì. Mo ní ìlérí ńkọ́? Bàbá Suliat ní ìlérí wo, ṣebí 'N ó fẹ́ ẹlòmíràn' lòun wí."

"Ẹ ò wá gbé sídì sí i kẹ́ ẹ jọ gbọ́?"

"A gbé e sí i! Tí ẹ̀rọ wa bá ti débẹ̀, á ní, 'N sììì fẹ́ ẹlòmíràn,' á sì fò lọ síbi tí wọ́n ti ń pín ẹran. Sììì! Basit, ta ló lè fi sììì bá ọkọ jà?"

Ọ̀rọ̀ náà ká Basit lára. Ó na àyà. "Màmá, ẹ̀rọ yìí mọ ìyàtọ̀ láàárín ò àti ó ju olùkọ́ Yorùbá lọ."

Ó tẹ bọ́tìnì. Abọ́ pẹlẹbẹ kan rọra yọ jáde. Màmá Suliat fò sẹ́yìn.

"Ó yọ ahọ́n sí mi!"

"Orí ahọ́n yẹn náà lẹ máa gbé e lé."

"Bisimilá." Ó gbé sídì lé e, ó sì ká ọwọ́ kúrò kíákíá.

Basit tún bọ́tìnì tẹ̀, ahọ́n náà padà wọlé. Lẹ́yìn náà, ilé yìgì kún inú ṣọ́ọ̀bù: ewúrẹ́ ń ké, ẹnì kan ń họ ìkòkò, ẹnì kan wúkọ́.

Màmá Suliat gbá ẹnu mú. "Àǹtí mi tó ti kú ló wúkọ́ yẹn! Ọlọ́run á kẹ́ wọn. Basit, bí ó bá lè gbọ́ ikọ́ wọn, á gbọ́ 'ò' mi."

Ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan jáde, ó mọ́ gaara bí omi àfàárọ̀pọn: "N ó fẹ́ ẹlòmíràn..."

Ẹ̀rín sọ nínú sídì. Màmá Suliat tí kò fẹ́ jókòó jókòó sórí páálí. Basit ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú tí kò ní ba ọjà jẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò tíì tán:

"...tí Jẹ̀mílátù bá ti fọwọ́ sí i."

Màmá Suliat fò dìde. "Èmi ni Jẹ̀mílátù! Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan! Mi ò ní fọwọ́ sí i láéláé! Basit, dì í! Dì í fún mi kíá, kí n gbé e kò ó lójú lálẹ́ yìí!"

Basit ti ń fa páálí, ó ti ń wá okùn, ó sì gbàgbé láti pa ẹ̀rọ. Ni ohùn ìyàwó tuntun ọjọ́ yìgì náà bá bọ́ sí i, ohùn tó kún fún ẹ̀rín, ó dún kọjá ewúrẹ́:

"Mo fọwọ́ sí i! Kó wá máa bá mi fọ abọ́!"

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Basit. Kò lè wo ojú ìyá náà.

Màmá Suliat wo ẹ̀rọ náà tìlẹ̀-tókè, ó fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń dágbére fún àlejò.

"Basit ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí dára, kò lábùkù kankan. Gbé e padà sáyè ẹ̀, kó o wá èyí tó dití fún mi."